Ṣé ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà ló pa Jensen Interceptor lóòótọ́?

Arákùnrin wa kan kọ̀wé láti Wolverhampton pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fẹ́ ta Jensen Interceptor ọdún 1970 fún mi. Ó ní FF ni, pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní kí n má sún mọ́ ọn. Ó ní mọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, tí bọ́dì rẹ̀ wá láti Ítálì, kì í ṣe mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì gidi, àti pé ẹ́ńjìnì yẹn ló pa ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀? Kí ni kí n sì wò kí n tó sanwó?"

Ẹ kú ìnáwó o, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì ná an. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wọnú ara wọn nínú ìbéèrè yín: ibi tí ọkọ̀ náà ti wá, ohun tó pa ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, àti FF, irú Interceptor tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa, tí ẹni tó fẹ́ tà á ń pè é. Ọ̀rẹ́ yín jàre díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ti kejì, ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an kọ́ ló mú. Ti FF, ojú àti téèpù lásán lẹ máa fi mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí tó wúwo jù: ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń bú yẹn ló lera jù lára Interceptor. Irin bọ́dì rẹ̀ ló máa ń gbọn àpò onímọ́tò gbẹ, ìtàn bí wọ́n ṣe kan án ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa tọwọ́ bọ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Alan àti Richard Jensen. Ilé-iṣẹ́ W. J. Smith and Sons, tó ń kan bọ́dì ọkọ̀ ní West Bromwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n sì gbà á di tiwọn. Ní 1934 ó di Jensen Motors. Iṣẹ́ bọ́dì ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ẹ́ńjìnì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi ìyọ́rin, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin, àti owó tí yóò jókòó fún ọdún mélòó kan kó tó pa dà wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ to ọkọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà 8, ti Ford. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ẹ́ńjìnì Austin onílítà 4 sínú 541, ọkọ̀ wọn tí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Nígbà tí agbára Austin kò tó nǹkan mọ́, wọ́n pa dà sọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà: C-V8 jáde ní 1962 pẹ̀lú V8 ti Chrysler. Bristol, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí àwọn ọlọ́lá ń rà, ti fi Chrysler sínú 407 tirẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ ni Jensen sáré lọ yá ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti Ítálì ńkọ́? C-V8 ń sáré gan-an, àmọ́ ojú rẹ̀ kò wu èèyàn. Iná iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dagun débi pé ó dà bí ẹni tó ń fajú ro. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, pàápàá Kevin Beattie tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, fẹ́ kí àwọn ará Ítálì ya ọkọ̀ tuntun. Touring ti Milan ló yà á. Owó ti ń tán lọ́wọ́ Touring nígbà náà, wọn kò lè kan án, ni Vignale ti Turin bá gba iṣẹ́ kíkàn. Eric Neale, tó ti ń ya ọkọ̀ Jensen bọ̀, kò fara mọ́ ọn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ sígbà yẹn náà ni àwọn Jensen méjèèjì yẹra. Ní October 1966, Interceptor yọ síta níbi àfihàn ọkọ̀ ní Earls Court ní London. Orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun o. Wọ́n ti fi pe ọkọ̀ Jensen kan tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí 1950, ẹ má jẹ́ kí èyí rú yín lójú bí ẹ bá ń wá páàtì. Àwọn bọ́dì àkọ́kọ́ wá láti Turin; lẹ́yìn náà ni wọ́n kó irinṣẹ́ ìkànpáànù wá sí West Bromwich, tí gbogbo iṣẹ́ sì bọ́ síbẹ̀. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ní èyí sọ ọ́ di ọkọ̀ Ítálì, ẹ bi í pé ta ló ya Aston Martin DB4. Touring kan náà ni. N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Aston ní ará Milan.

Ohun tí ìrìn àjò sí Ítálì yẹn yí pa dà gan-an kì í ṣe ìran ọkọ̀ náà, ohun tí wọ́n fi kàn án ni. Bọ́dì 541 àti C-V8 jẹ́ fáíbà, ìpẹtà kò sì lè jẹ fáíbà. Ti Interceptor jẹ́ irin, wọ́n sì jó o mọ́ ṣáàsì onípáìpù tó wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ọ̀dà ìdáàbòbò tí wọ́n ń fi sínú ihò irin láyé ìgbà yẹn kò tó nǹkan. Iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù sì ń bá omi wọ ibi tí ojú kò lè rí. Gíláàsì ẹ̀yìn ńlá tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣí sókè gẹ́gẹ́ bí ìdérí búùtù, ló sọ Interceptor di arẹwà, àmọ́ rọ́bà tó yí i ká wà lára ọ̀nà tí omi ń bá wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí FF tí wọ́n fẹ́ gbowó lé yín lórí. Ferguson Formula ni F méjèèjì, ọgbọ́n fífi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ọkọ̀, tí ó wá láti ilé-iṣẹ́ Harry Ferguson, ọ̀gá onítírákítọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ibi àfihàn 1966 kan náà ni wọ́n ti gbé e jáde. Nínú agbára ẹ́ńjìnì tó jẹ́ 100, táyà iwájú ń gba 37, ti ẹ̀yìn ń gba 63. Wọ́n tún fi Maxaret ti Dunlop sí búrẹ́kì rẹ̀, ohun tí wọ́n ti ń lò lára bàlúù kí táyà má baà há nígbà tó bá ń balẹ̀. Ọdún 14 lẹ́yìn náà ni Audi tó gbé quattro, ọkọ̀ tirẹ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa, jáde, nítorí náà bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ń fi ìtàn FF yangàn fún yín, kò parọ́ níbẹ̀. 320 péré ni wọ́n ṣe títí di 1971. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú gbogbo wọn, torí pé bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò fàyè sílẹ̀ láti gbé sítíárì sí òsì. Bí ọjà Amẹ́ríkà ṣe bọ́ lọ́wọ́ FF nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, kí ẹ wo páànù tó wà láàárín táyà iwájú àti ilẹ̀kùn. Ihò atẹ́gùn ẹyọ kan ló wà níbẹ̀ lára Interceptor; méjì ló wà lára FF. Ṣùgbọ́n panẹbítà tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ ihò kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ mú téèpù dání. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, íńṣì 105 ni ti Interceptor, íńṣì 109 ni ti FF. Iwájú ilẹ̀kùn ni wọ́n fi íńṣì 4 náà sí, kò sì sí ẹni tó máa na ọkọ̀ ní íńṣì 4 nítorí jìbìtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀: ṣáàfù kan gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú, bí òmíràn ṣe ń lọ sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ tó ń pín agbára sì wà lẹ́yìn jíà. Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ gba nọ́ńbà ṣáàsì, kí ẹ ní kí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Jensen fi wé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé FF gidi kò rọrùn láti tọ́. Páàtì ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, àmọ́ èyí tó jẹ́ ti Ferguson àti ti Maxaret ṣọ̀wọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún kò tó nǹkan. Maxaret yẹn kì í ṣọ́ táyà kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ òde òní. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo wọn, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, pẹ́dàlì á máa ta ẹsẹ̀ yín pa dà gidi. Tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì gan-an lórí ilẹ̀ tó tutù níbi tí kò léwu, tí ẹsẹ̀ yín kò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó ti kú.

Ó ku ohun tó pa ilé-iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọkọ̀ tí orúkọ Jensen wà lára rẹ̀ ló ń san owó oṣù ní West Bromwich. Iṣẹ́ àgbàṣe ni. Wọ́n ń kan bọ́dì Austin-Healey ńlá láti 1953, wọ́n to Volvo P1800 fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ń to Sunbeam Tiger. Nígbà tí 1967 fi máa parí, Tiger ti lọ, Healey 3000 náà ti ń lọ, torí pé òfin ààbò àti ti èéfín tí Amẹ́ríkà gbé jáde fún 1968 kò gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè mọ́. Ilé ńlá àti òṣìṣẹ́ púpọ̀ wá ku ọkọ̀ ọlọ́lá tí wọ́n ń fọwọ́ tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1970, Kjell Qvale, oníṣòwò ní California tó ti ń ta ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ tipẹ́, gba ilé-iṣẹ́ náà, ó sì mú Donald Healey, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára Austin-Healey, wọlé. Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé kan dí àlàfo náà: Jensen-Healey, 1972, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Lotus onílítà 2 tí wọn kò tíì dán wò tó. Ọ́ìlì ń jò, àwọn oníbàárà ń dá a pa dà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́, owó tí ọkọ̀ yẹn yẹ kó mú wọlé sì ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde. Bí ẹ́ńjìnì kan bá wà tó yẹ ká pè lẹ́jọ́, ará Norfolk, níbi tí Lotus wà, ni, kì í ṣe ará Detroit.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti gba òótọ́ díẹ̀ mú ni òǹgbẹ V8 náà. Máìlì 10 sí 14 ló ń fi gálọ́ọ̀nù epo kan rìn. Nígbà tí ọ̀wọ́n epo dé lẹ́yìn ogun Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì ní 1973, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹrù lọ́rùn àwọn tó ń tà á, Interceptor, Aston àti àwọn yòókù. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá lówó lọ́wọ́ lè fara da ọdún méjì burúkú. Jensen kò lówó lọ́wọ́ mọ́. Ní 1975 wọ́n fi alábòójútó gbèsè sí i, ní May 1976 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àpapọ̀ Interceptor tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 10 yẹn lé díẹ̀ ní 6,400.

Ọkọ̀ ọdún 1970 tí wọ́n fi lọ̀ yín, Mk II, ìyẹn ẹ̀dà kejì, ló yẹ kó jẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní October 1969. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 6,276 cc, tí a ń pè ní onílítà 6.3, jíà rẹ̀ sì jẹ́ TorqueFlite aládàáṣiṣẹ́ oníjíà 3. Mk III bẹ̀rẹ̀ ní 1971, òun ló pọ̀ jù, ó sì gba ẹ́ńjìnì onílítà 7.2 nígbà tó yá. SP, irú Interceptor kan tí wọ́n ṣe 232 nínú rẹ̀, ní kábúrétọ̀ Holley mẹ́ta: ti àárín nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́, méjì yòókù á là nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ó dùn wò, ṣùgbọ́n ooru máa ń bá epo inú wọn jà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi yọ ọ́ tí wọ́n fi kábúrétọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ fi aṣọ wé, tọ́ọ̀ṣì àti sukudiráfà. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Páànù gbọọrọ kan tó ń dán wà níbẹ̀, òun kì í dípẹtà, àmọ́ irin tó fẹ̀yìn tì í ni ìpẹtà fẹ́ràn jù lọ. Ojúlówó ìbòjú ni: iwájú á máa dán, ẹ̀yìn ti di ìyẹ̀fun. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi ìdí sukudiráfà máa kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú páìpù ṣáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó le á dún kò-kò-kò. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀-pọ̀, eruku pupa á sì já lé yín lójú, nítorí náà ẹ wọ awò. Ẹ bọ́ sí iwájú: ẹ̀yìn iná, àti ìsàlẹ̀ páànù iwájú níbi tó ti súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè máa ń jókòó síbẹ̀, á máa mu omi bíi kànìnkànìn. Ẹ wo yíká táyà ẹ̀yìn. Ẹ ṣí gíláàsì ẹ̀yìn, kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò pátápátá. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ká a ti dáhùn ìbéèrè yín. Ti mágínẹ́ẹ̀tì, ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ bọ́dì, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Àmọ́ ẹ má yára bínú: nílé-iṣẹ́ pàápàá, òjé ni wọ́n fi ń dí ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì lẹ̀ mọ́ òjé. Òjé á wà lójú oríkèé. Ìsàlẹ̀ àti àárín páànù ni pọ́tì máa ń fara pa mọ́ sí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bọ́dì tó báyìí ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi tò ó. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá rà lára ọkọ̀ mìíràn lè má ṣe rẹ́gí fún tiyín, panẹbítà á máa gé, á máa jó, á máa fín, wákàtí rẹ̀ lẹ ó sì máa san.

Ẹ́ńjìnì náà kò le yẹ̀ wò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí rádíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Omi tó pọ́n bí omi ẹrẹ̀ fi hàn pé inú búlọ́ọ̀kù ti ń dípẹtà, ìpẹtà yẹn sì máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, níbi tí omi kò ti yí dáadáa. Ooru ni ọ̀tá V8 yìí: irin ńlá ni, àyè tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì há. Ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa ṣọ́ géèjì. Nínú èyí tó ní fáànù oníná, ó gbọ́dọ̀ tan fúnra rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé ibi pupa. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ra fáànù tó tóbi jù láìfọ búlọ́ọ̀kù. Bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: ẹ yọ àwọn ìdérí róbótó ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ fi omi tó lágbára fọ inú rẹ̀ títí yóò fi mọ́, ẹ tún inú rádíétọ̀ ṣe, ẹ pààrọ̀ tẹ́mósítáàtì, ẹ yẹ wáyà fáànù wò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ronú ohun mìíràn. Ti jíà, ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tó ti gbóná, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tí jíà wà ní neutral. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní tútù á rí ìwọ̀n èké. Àwọ̀ pupa dára. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ fi owó àtúnṣe jíà kún iye tí ẹ ń rò.

Láti ibi tí mo wà, mi ò lè sọ iye tó yẹ kí ẹ san fún ọkọ̀ tí mi ò fojú rí, mo sì máa ń ṣọ́ra fún ẹni tó bá lè sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọkọ̀ tí bọ́dì rẹ̀ le tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú sàn ju èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kọrin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Ainiye ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni Chrysler fi V8 wọ̀nyẹn sí, páàtì wọn ṣì ń wọlé láti òkun kejì, mẹkáníìkì tó bá mọ V8 àtijọ́ sì lè tú u tò láìní ìwé Jensen lọ́wọ́. Àwọn kan ti ń yọ ọ́ jù nù, tí wọ́n ń fi V8 òde òní ti General Motors sí i. Ó ń mu epo díẹ̀, kì í sì yọ awakọ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ máa gùn ún lójoojúmọ́, mi ò ní bá yín jà. Bí ó bá jẹ́ FF gidi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40 lè wọ ẹ̀ka ọkọ̀ àtijọ́ ní Britain: kò ní san owó orí ọkọ̀, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, kì í ṣe dandan fún un bí wọn kò bá ti yí ẹ̀yà ara rẹ̀ pa dà kọjá ààlà, ULEZ ti London, níbi tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, àti agbègbè afẹ́fẹ́ mímọ́ ti Birmingham kì í sì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Láti September 2021 ni epo lásán ti di E10, tí ethanol inú rẹ̀ lè tó 10 nínú 100, ethanol yẹn sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́ tó gbé epo lọ sí kábúrétọ̀, lókè ẹ́ńjìnì tó ń gbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà yẹn sí èyí tí wọ́n ṣe fún ethanol lọ́sẹ̀ tí ẹ bá rà á, kí ẹ sì máa ra E5, tí ethanol inú rẹ̀ kò ju 5 nínú 100 lọ.

Kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹni náà, ẹ ní kó fi fọ́tò méjì péré ráńṣẹ́: ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, tí ibi láàárín táyà iwájú àti ilẹ̀kùn fi hàn kedere, èkejì láti abẹ́, tó fi ẹ̀yìn jíà hàn. Tó bá ní ihò méjì lókè, tí kò sí ṣáàfù tó ń lọ síwájú nísàlẹ̀, Interceptor Mk II ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Iye Mk II náà ni kí ẹ dá, bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ń dún kò-kò-kò.